Aláìsàn Bẹ́ẹ̀dì Keje

Lọ́dún 1989, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú káàdì ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n Alájà-Márùn-ún ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ilé mìíràn tó ga tó o ládùúgbò yẹn, àfi àwọn ilé iṣẹ́ tí èéfín wọn ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Àwọn tó ni ín ní ilé ìwòsàn mẹ́fà káàkiri Èkó. Olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Opebi, níbi tí wọn kì í ti í tọ́jú aláìsàn kankan. Ìwé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá tán lọ́dọ̀ wa, Opebi la máa kọ̀wé sí. Tí gílóòbù bá jó, Opebi náà ni. Orúkọ mi ni Fàúsát. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo sì láyà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Síkírù Dàwódù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ifákọ̀ ni òun àti Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Pọ́tà ni. Òun ló ń fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà ti àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, ọdún mẹ́rìnlá ló sì ti ń ṣe é. Lífìtì wa ti kú tipẹ́, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló wà láti àjà kan dé èkejì, Bàbá Síkírù sì mọ gbogbo ibi tí ilẹ̀ ọ̀nà yẹn ti là. Tó bá ń ti aláìsàn tẹ́rù ń bà lọ sí tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, á máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ sè lánàá, onítọ̀hún á sì gbàgbé ibi tó ń lọ.

Bẹ́ẹ̀, ara òun fúnra rẹ̀ kò yá. Hẹ́níà ló ní, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìpá. Ó yọ síta nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́. Ó máa ń fi ọ̀já dì í mọ́ abẹ́ ṣòkòtò, tó bá sì ti ẹni tó sanra gòkè tán, á fara ti ògiri, á máa ṣe bí ẹni tó ń wo òde lójú fèrèsé. Kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọkùnrin tó jẹ́ àgbà ń bá ọmọbìnrin sọ. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì, ohun tó bá sì wà nínú fáìlì kò pamọ́ fún mi.

Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ yóò máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà Ayọ̀tọ́lá ti yẹ Bàbá Síkírù wò lọ́dún 1987, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí Opebi. Opebi dá a padà, wọ́n ní bírò aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọ́, dúdú ló yẹ kó jẹ́. Ó tún un kọ. Wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó lọ ya fọ́tò. Wọ́n ní ọ̀gá tó buwọ́ lù ú ti fẹ̀yìn tì, kó lọ wá ọ̀gá mìíràn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà láti fi hàn pé àìsàn náà ṣì wà lára òun. Èmi ni mo bá a kọ ọ́. Èsì tó dé kẹ́yìn sọ pé àwọn ti rí ìwé rẹ̀, àwọn sì ń gbé e yẹ̀ wò.

Bàbá Síkírù ká ìwé náà, ó fi sápò àyà. Ó ní, “Fàúsát, kí wọ́n tó gbé e yẹ̀ wò tán, bóyá èmi gan-an á ti yẹ̀ kúrò láyé.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ti ẹnì kan tó ń dúró dè é.

Àsìkò Sápù nìyẹn, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tuntun ìjọba ológun sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó yí wa ká ti kógbá sílé, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa ń kó wá sọ́dọ̀ wa ti gba ìlú wọn lọ. Àwọn ará Agége tó kù ń lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù oògùn, torí lọ́dọ̀ wa, aláìsàn ló ń ra òwú, òun ló ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà máa wọ̀, òun náà ló ń gbé kẹrosíìnì tí wọ́n máa fi se irinṣẹ́ wá láti ilé. Mẹ́rin làwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ ṣe tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ti gba Saudi lọ. Dókítà Ayọ̀tọ́lá nìkan ló kù, ó sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tíátà láti àárọ̀ dọ̀sán, á máa ka ìwé ìròyìn àná.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìwé dé láti Opebi pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan nínú ìjọba ológun ń bọ̀ wá wò wá lọ́jọ́bọ̀. Tí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìjọba á máa fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ìtọ́jú. Ìlà tó kẹ́yìn ìwé náà ni pé gbogbo bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ní aláìsàn tirẹ̀.

Aláìsàn mẹ́sàn-án péré la ní lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Job Oyèbọ́lá, alákòóso wa, pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìjẹun. Ọmọ Èkìtì ni, ó máa ń de táì lọ́jọ́ Sátidé pàápàá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Opebi ló ń bà á lẹ́rù bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ba ọmọdé lẹ́rù.

Ó ní, “Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣàìsàn.”

A rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ti kọ ìwé sílẹ̀, orúkọ lápá kan, àìsàn lápá kejì. Ó fún Moses, alásè wa, ní táífọ́ọ̀dù. Moses fò dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi tí mò ń se oúnjẹ gbogbo ilé yìí? Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ní táífọ́ọ̀dù, ta ló tún máa jẹun ọwọ́ mi?”

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ kíkán. Awakọ̀ ańbúláǹsì béèrè àìsàn wo ni wọn kì í jí ẹni tó ní in lójú oorun. Akọ̀wé kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ díákónì, ó na ọwọ́ sókè, ó ní òun lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì bá bi òun ní ìbéèrè, òun ò ní í purọ́.

“Ó dáa,” ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá wí. “Ìwọ ni àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.”

Bàbá Síkírù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ibà ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀dì keje, wọ́ọ̀dù ọkùnrin, àjà kejì. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́rú, mo jókòó ti àwọn káàdì tuntun. Alákòóso ti kìlọ̀ fún mi pé kí n kọ àìsàn kọ̀ọ̀kan débi tí ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ò fi ní í rí irọ́ nídìí rẹ̀. Mo kọ ẹsẹ̀ kíkán fún Moses. Mo kọ rọpárọsẹ̀ fún díákónì. Nígbà tó kan Bàbá Síkírù, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀, bírò mi sì dúró. Èèyàn tó ní àìsàn gidi, tí mo ní ìwé rẹ̀ lápótí, kí ni mo fẹ́ máa kọ ibà fún un sí? Mo dìde, mo fa fáìlì rẹ̀ yọ, mo mú ojú ewé tí dókítà kọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo fi pín-ìn-nì so ó mọ́ káàdì tuntun. Mo yọ gbogbo èyí tó fi hàn pé òṣìṣẹ́ wa ni.

Mo gbé e lọ bá Dókítà Ayọ̀tọ́lá lẹ́nu ọ̀nà tíátà.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi buwọ́ lu èyí.”

Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó tún wo ìwé náà.

“Bẹ́ẹ̀dì wo?”

“Ìkeje, sà.”

Ó wá fa bírò yọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kọ iṣẹ́ abẹ sí nígbà náà lọ́hùn-ún, ó kọ déètì ọjọ́ kejì, ó sì buwọ́ lù ú.

“Sọ fún Sístà Tinúọlá pé kí Bàbá má jẹun láàárọ̀ ọ̀la,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ó padà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Sístà Tinúọlá ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Ọmọ Oǹdó ni, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn dókítà pàápàá. Ó ka káàdì náà lórí ìdúró.

“Fàúsát, wọ́n máa lé ìwọ àti èmi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà.”

Ó rìn lọ díẹ̀, ó padà. “Ṣé o ti sọ fún òun fúnra rẹ̀?”

“Rárá.”

“Má sọ fún un. Tó bá gbọ́, kò ní í wá síṣẹ́ lọ́la.”

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́bọ̀, mi ò mọ ibi iṣẹ́ mi mọ́. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun ti dé láti Opebi, lébẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára òmíràn. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo fáànù ń yí. Nísàlẹ̀, lẹ́nu àbáwọlé, àpótí onígíláàsì kan wà tí wọ́n to ìbọ̀wọ́, òwú, okùn ìránṣọ egbò àti ìgò oògùn sí bí ọjà wúrà. Aláìsàn mẹ́sàn-án tó jẹ́ ojúlówó ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì máa wá lóṣooṣù.

Bàbá Síkírù wà nínú aṣọ aláìsàn, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì keje.

“Fàúsát, ebi ń pa mí. Sístà ò jẹ́ kí n jẹun láti ìgbà tí mo ti dé. Ṣé ẹni tó ní ibà kì í jẹun ni?”

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Kò ní í pẹ́.”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, òun àti ọmọ ogun méjì tó dúró ti mọ́tò nísàlẹ̀. Ọkùnrin gíga, ó wọ awò ojú, kì í pariwo, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó dàgbà sí Ìlọrin. Èmi ni mo kó káàdì tẹ̀ lé òun, alákòóso, Dókítà àti Sístà Tinúọlá. Lórí bẹ́ẹ̀dì kìn-ín-ní, awakọ̀ ańbúláǹsì ti sùn lọ fọnfọn, ó ń han-run. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n má jí i. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ díákónì, Kọ́nẹ́ẹ̀lì kí i, díákónì kò dáhùn, ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì dúró, ó gbàdúrà fún un kó tó kọjá. Díákónì sunkún sí i.

Ó kù díẹ̀ kí Moses ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

“Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín?” ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì bi í.

Moses na ìka sí èyí tí kò sí báńdéèjì lára rẹ̀.

“Ìrora rẹ̀ máa ń sá lọ sí ẹsẹ̀ kejì, sà,” ni Sístà Tinúọlá dáhùn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Wọ́n dé bẹ́ẹ̀dì keje. Láti ìgbà tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta ni Bàbá Síkírù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì náà ń ké gbì-gbì-gbì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ṣí i, ó ka ìwé tó wà lẹ́yìn.

“Bàbá, ọdún méjì lẹ ti ń retí iṣẹ́ abẹ yìí?”

Bàbá Síkírù kò gbọ̀n mọ́. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ti ha ọ̀rọ̀ ibà sórí láti àná, kò sì sí èyí tó bá ìbéèrè náà mu nínú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Òní sì ni wọ́n máa ṣe é?”

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá yíjú sí mi. Dókítà Ayọ̀tọ́lá ló dáhùn láti ẹ̀yìn.

“Òní ni, sà. Aago mọ́kànlá.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Irú èyí ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Wọ́n kàn ń dá ọjọ́ fún un ṣáá ni. Ẹ fún mi ní àga. Mo fẹ́ fojú mi rí i pé wọ́n gbé e wọlé.”

Wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì alákòóso, wọ́n fún un ní tíì. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá fa Dókítà sí kọ̀rọ̀, èmi sì ń ṣe bí ẹni tó ń to káàdì.

“Dókítà, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ gbé e wọlé, ẹ gbé e jáde. Ó parí.”

“Tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì bá ní òun fẹ́ rí ojú egbò ńkọ́?”

“Ṣùgbọ́n kò sí ìbọ̀wọ́! Kò sí òwú, kò sí okùn! Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti kọ̀wé béèrè wọn. Àmọ́ mo rí gbogbo wọn láàárọ̀ yìí nínú gíláàsì tó wà nísàlẹ̀.”

Alákòóso tú táì rẹ̀ díẹ̀. Mi ò tíì rí i kó tú u rí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀.

Dókítà lọ bá Bàbá Síkírù. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n mo súnmọ́ wọn tó láti gbọ́.

“Bàbá Síkírù, ẹ fetí sí mi. Gbogbo ohun tí mo nílò wà lónìí. Tó bá di ọ̀la, mi ò mọ̀. Tí ẹ bá ní rárá, màá wá irọ́ pa fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ọwọ́ yín ló wà. Ṣé kí n ṣe é?”

Bàbá Síkírù fi etí aṣọ nu ojú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀kùn, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá ti ń wọlé bọ̀, ó di ìbọ̀wọ́ àti òwú mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ ṣe é,” ló wí. “Bisimilláì.”

Nígbà tí wọ́n parí ìmúrasílẹ̀ fún un, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà dé. Bí Bàbá Síkírù ṣe rí i, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó di irin rẹ̀ mú láti tì í. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe eré. Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Kí ni Bàbá ń ṣe yẹn?”

“Ẹ̀rù ló ń bà á, sà,” ni Sístà Tinúọlá sọ. Ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó wá ku ẹni tó máa tì í. Tíátà wà lájà kẹta. Pọ́tà kejì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é. Olùṣọ́gbà wà ní bẹ́ẹ̀dì kejìlá. Gbogbo ọkùnrin tó lágbára nílé náà ló ń ṣàìsàn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀gbẹ́ni Job Oyèbọ́lá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó sì di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Kò mọ̀ ọ́n tì. Táyà iwájú lápá òsì kò dára, ó máa ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ lu ògiri kí wọ́n tó dé ìdí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di kí aláìsàn máa kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ láti orí ìdùbúlẹ̀.

“Ẹ gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀, sà. Ẹ má fi ọwọ́ nìkan tì í, ẹ fi itan tì í. Ẹ rọra o, ilẹ̀ ti là níwájú yẹn. Ẹ sinmi. Ẹ sinmi, sà. Ó yá, ẹ tún mú un.”

Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì alákòóso lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. “Ùwọ Síkírù yìí,” ló ń kùn sínú, “ùwọ Síkírù yìí!” Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá Síkírù wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún alákòóso nípa ẹ̀wà tí Sùlíyá sè lánàá.

Iṣẹ́ abẹ náà gba bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tíátà. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ jáde ní géètì, àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Moses lọ wo ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Wọn ò rí awakọ̀ jí títí di aago méjì.

Mo rò pé ó ti parí. Àṣé mi ò rántí ẹnì kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ìsàlẹ̀. Ẹnì kan níbi ìfọṣọ tó ń gbé ní Ifákọ̀ ló lọ sọ fún Sùlíyá. Ó dé láìwé gèlè, ó so ìró mọ́ àyà, ó sì wá tààrà sójú fèrèsé mi.

“Ọkọ mi jáde nílé láàárọ̀ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́,” ló wí. “Wọ́n ní ẹ ti la inú rẹ̀. Kí ló ṣe yín? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe òṣìṣẹ́ yín?”

Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Mo ní ara ọkọ rẹ̀ le, ó ní òun ò bi mí ní ìyẹn, ta ló bi òun léèrè kí wọ́n tó fi abẹ kan ọkọ òun? Láti Ọjọ́rú tí mo ti ń sáré kiri pẹ̀lú káàdì yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín sínú ara mi, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Ìgbà tí obìnrin yẹn dúró níwájú mi láìwé gèlè ló tó yé mi pé tí Bàbá Síkírù kò bá jí mọ́, èmi ni ì bá dúró síbẹ̀ yẹn sọ ọ́ fún un. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́.”

“Mú mi lọ bá a,” ló wí.

Bàbá Síkírù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú ni. Ètè rẹ̀ gbẹ. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

“Sùlíyá, wọ́n ti ṣe é.”

Sùlíyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Èjìká rẹ̀ ń mì.

“Kí lo jẹ láàárọ̀?”

“Wọn ò fún mi lóúnjẹ kankan. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí ẹ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà láàárín ẹkún, Bàbá Síkírù sì bẹ̀ ẹ́ kó má pa òun lẹ́rìn-ín, pé ojú egbò ń fa òun.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká tó ń dùn ún láti ọjọ́bọ̀ mú. Ìwé ẹ̀sùn wà níwájú rẹ̀, ó ti kọ ọ́ dé ìdajì.

“Ùwọ lo ṣe é, Fàúsát.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ àìsàn tí wọn ò ní í rí irọ́ nídìí rẹ̀, sà.”

Ó ṣí ẹnu láti dáhùn, ni akọ̀wé rẹ̀ bá gbé lẹ́tà kan wọlé láti Opebi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní òun ti yẹ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wò, òun ò sì rí èyí tí ọ̀gá àgbà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bọ́ kóòtù láti ti tálákà gòkè lọ sí tíátà. Ìjọba máa fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Opebi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá, wọ́n sì fẹ́ kó wá kọ́ àwọn alákòóso márùn-ún yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó fa ìwé ẹ̀sùn mi ya sí méjì, ó rọra fi sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

“Máa lọ.”

Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tó tún pè mí.

“Fàúsát. Ojú egbò rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ń jinná, sà.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá Síkírù lò lórí bẹ́ẹ̀dì keje, kò sì sí aláìsàn tó ń yọni lẹ́nu tó o nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀. Tíì ti tutù jù. Ìrọ̀rí kan ò tó. Ó ń pe pọ́tà kejì láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà. Sístà Tinúọlá ló ń fipá mú un rìn lójoojúmọ́ ní bàrándà, ó sì búra pé òun á rán an padà sí tíátà tó bá tún béèrè ẹyin.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo sìn wọ́n dé géètì. Sùlíyá ti lọ síwájú láti dá kabúkabú dúró. Òun náà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń pè mí ní “ìwọ ọmọ yìí”. Mo fi àǹfààní yẹn bi Bàbá Síkírù ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

“Bàbá, ṣé ẹ bínú sí mi?”

Ó dúró díẹ̀ láti sinmi. “Mo bínú. Nígbà tí Dókítà bi mí léèrè, ṣé o rò pé mo fẹ́ gbà? Rárá ló wà lẹ́nu mi. Mo ti ti èèyàn wọ ibẹ̀ pọ̀ jù, Fàúsát. Mo mọ ohun tí mo ti rí.”

“Kí ló wá jẹ́ kí ẹ gbà?”

“Ọ̀gá ló wọlé. O rí bó ṣe di òwú yẹn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun? Òógùn bò ó, ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ. Mo ní nínú ara mi pé ọjọ́ tí ọkùnrin yìí máa sáré báyìí nítorí mi, kò tún ní í sí irú ẹ̀ mọ́. Ojú ẹ̀ ni mo wò tí mo fi ní kí wọ́n ṣe é.”

Sùlíyá ké sí i pé onímọ́tò ò ní í dúró dè é títí ayé. Bàbá rọra wọ iwájú mọ́tò, ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ awakọ̀ náà bó ṣe máa yí mọ́tò rẹ̀ padà.